Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: òǹkà àárọ̀ linac wa ń wálẹ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù kẹrin mi rèé nídìí iṣẹ́ físíìsì nílé ìwòsàn tí a ti ń fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ. Èmi ni mo ń yẹ linac, ẹ̀rọ tó ń tú ìtànṣán náà jáde, wò kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé. Iná laser tí a fi ń to aláìsàn sójú ibi tó yẹ kò yẹ̀ ju 1 mm lọ. Mo ṣílẹ̀kùn nígbà tí ìtànṣán ń jáde, ẹ̀rọ dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n ìtànṣán gan-an ló ń dà mí láàmú. Lánàá, ó fi 2.4% dín sí iye tó yẹ; lónìí, 3.2%, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ 3% péré ni TG-142, ìlànà tí a fi ń yẹ linac wò, gbà wá láàyè. Tí mo bá tún un wọ̀n lọ́sàn-án, kì í ju 0.5% lọ. Ọ̀gá kan ní kí n yí ìtànṣán ẹ̀rọ sókè díẹ̀, nítorí èrò ti kún ìta. Ìyá àgbà kan ti jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́fà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn: Àbúrò, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn! Ibo lẹ ń gbé ohun èlò ìwọ̀n yín sí lálẹ́?

Olùbéèrè: Yàrá ìkẹ́rùsí ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń pa AC ibẹ̀ lálẹ́ nítorí owó dísù. Bí mo bá ti gbé e wọlé báyìí ni mo ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, Ìbàdàn: Ó tán. Chamber yẹn, ohun èlò tí ẹ fi ń wọn ìtànṣán, ní ihò tóóró tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná, á fẹ́lẹ́, òǹkà á sì wálẹ̀. Tẹmómítà ara ògiri ń pe 21°C fún ọ, inú chamber lè ṣì wà ní 30°C. Ìyàtọ̀ 10°C péré tó 3.4%. Tí o bá yí ẹ̀rọ sókè nítorí ìyẹn, gbogbo ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lónìí ló máa gbà ju iye tí dókítà kọ fún un lọ. Ki tẹmómítà bọ inú ike tí chamber wà, kí o sì dúró títí kò fi ní yí mọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́, London: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tọ́jú ẹnikẹ́ni pẹ̀lú 3.2% yẹn láìmọ ìdí rẹ̀ o. Ẹ fi chamber mìíràn tó ti tutù wọ̀n ọ́n. Bí méjèèjì bá sọ ohun kan náà, ẹ̀rọ ló ní àrùn, kí ẹ pe ọ̀gá físíìsì yín. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tòun ti ohun tí wọ́n ní kí o ṣe.

Radiographer, Èkó: Kí ẹnìkan jáde lọ bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́. Ìdúró ò dun aláìsàn tó kí wọ́n má sọ nǹkan kan fún un.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Chamber kejì fi 0.3% péré dín, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Mo ti lọ bẹ màmá. Àwọn la kọ́kọ́ mú wọlé. Yàrá kọ̀ǹpútà tí AC rẹ̀ kì í kú ni ohun èlò náà máa sùn láti òní lọ.