Ìṣirò tí sáyẹ́ǹsì fẹ́, ìṣirò tí ẹnjiníà fẹ́: ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọsirélíà ni mo wà, oyè méjì ni mò ń ṣe pọ̀, físíìsì àti ẹnjiníà iná mànàmáná. Ọdún 5 ni; ẹni tó bá ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan máa lo 7. Ọdún kìíní rọrùn: calculus (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) àti linear algebra (ìṣirò matrix, ìyẹn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà àti òpó, àti vector, ohun tó ní ìwọ̀n àti ìhà tó kọjú sí) tí mo ṣe, ẹ̀ka méjèèjì ló kà á fún mi. Ọdún kejì ni wàhálà dé. Físíìsì ní kí n ṣe differential equations (ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà) lọ́dọ̀ àwọn oníṣirò, ẹnjiníà náà ní tirẹ̀ tó kún fún Laplace àti Fourier (ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yí irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ padà kó lè rọrùn). Púpọ̀ nínú méjèèjì jọra, wọn ò sì gbà kéèyàn gba máàkì lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo kọ sí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́. Wọ́n gbà kí n ṣe ti ẹnjiníà nìkan, àmọ́ físíìsì fi vector calculus (calculus tó dá lórí vector) lé e.

Ará Àgọ́-Ìwòyè:
Ìwọ tiẹ̀ rí wọn bá sọ̀rọ̀, àbúrò mi. Ilé níbí ni tèmi. Mo gba BSc físíìsì tán, mo fẹ́ fi direct entry (ìwọlé láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní) wọ ẹnjiníà. Ibi tí mo lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) ní MTH (kọ́ọ̀sì ìṣirò) tèmi kì í ṣe engineering mathematics (ìṣirò ẹnjiníà). Orúkọ lásán ni wọ́n ń wò! Èmi tí mo ti yanjú wave equation àti heat equation, ìdọ́gba ìgbì àti ti ooru! Ọ̀gá kan ló ní kí n lọ gba course outline (ìwé tó to ohun tí wọ́n kọ́ wa) ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka mi, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lù ú. Wọ́n gbé e ti tiwọn, ó bára mu. Numerical methods (fífi nọ́ńbà wá ìdáhùn tó sún mọ́ òótọ́) nìkan ni mo ṣe kún un, mo sì gbádùn ẹ̀.

Tíṣà Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Further Maths ni mò ń kọ́ wọn. Àwọn òbí á ní JAMB ò béèrè ẹ̀. Lóòótọ́ ni, Maths, físíìsì, kẹ́mísírì àti Gẹ̀ẹ́sì náà ló ń béèrè fún ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ matrix àti vector láti SS2 kì í já láyà tó bá dé yunifásítì. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó mọ owó kà, matrix ló wá ń bà á lẹ́rù!

Ọmọ Ṣàgámù:
Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi fẹ́ gba irú outline yẹn. Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín?

Ará Àgọ́-Ìwòyè:
Wọn ò gba kọ́bọ̀. Dídúró de akọ̀wé ló gba àkókò. Kó tètè dé láàárọ̀, kí wọ́n tó fọ́n ká lọ jẹun.