Ìwé Ifá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ṣé mo lè gbé e sókè?

Ìyá Ìwé Bẹẹrẹ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìkàwé kékeré kan ni mò ń bójú tó ládùúgbò Bẹẹrẹ níbí, yàrá méjì péré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá àgbà kan bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n ní àwọn ń wá ìwé Ifá fún ọmọ-ọmọ àwọn tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo mú wọn lọ síbẹ̀.

Ètò Dewey la fi ń to ìwé, ètò tó fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bíbélì bẹ̀rẹ̀ ní 220, ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì gba ibẹ̀ lọ títí wọ inú 280. Gbogbo ẹ̀sìn yòókù láyé wá há sínú 290. Ìsìláàmù wà ní 297, tiwa ní 299.6. Bí mo ṣe tò ó tẹ̀lé ara wọn, tiwa ló bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tí omi mọ́ọ̀pù ti ń ta sí i lára. Bàbá ní láti kúnlẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu eruku ẹ̀yìn ìwé kan kí wọ́n tó rí àkọlé rẹ̀ kà, ni wọ́n bá gbójú sókè wò mí: "Ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ gbé Ifá sílẹ̀ báyìí?"

N kò rí èsì fọ̀. Kírísítẹ́nì ni mí, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé Bíbélì kúrò níbi tó wà. Àmọ́ láti 2005 ni UNESCO ti kéde Ifá pé ohun àjogúnbá tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò ni. Ó dùn mí. Ṣé mo láṣẹ láti yí nọ́ńbà yẹn padà?

Ẹjọ́ kejì: ẹni tó tẹ orúkọ ìwé wa sínú kọ̀ǹpútà kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọmọ kan ń wá ìtàn Ògún fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ó tẹ "ogun". Ogun Kírìjì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ìwé òfin lórí bí a ṣe ń pín ogún, lẹ́yìn náà odò Ògùn. Ó sú ọmọ náà, ó dìde lọ.

Àgbà Kátálọ́ọ̀gù:

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe fẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Nọ́ńbà kàn ń sọ ìwé tó tẹ̀lé ìwé ni. Kò sí ibi tí Dewey ti ní kí 299 wà nílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ 299 lórí pẹpẹ tuntun, kí ó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àyà ẹni tó dúró. Ẹ lè ṣe é lónìí.

Ní ti nọ́ńbà náà, 1876 ni Dewey tẹ ètò rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, fún irú àwọn ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ètò náà fúnra rẹ̀ fàyè gba ilé ìkàwé láti fún ẹ̀sìn àdúgbò rẹ̀ ní nọ́ńbà kúkúrú, tàbí láti fi lẹ́tà dá a mọ̀. Ẹ ka àlàyé tó wà lábẹ́ 290. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá gba ipò yín má baà dà á rú. Àwọn tó ni UDC, ètò ìtòwé mìíràn tó jẹ́ àbúrò ètò Dewey, tún abala ẹ̀sìn tiwọn tò látòkèdélẹ̀ ní 2000.

Ọ̀rọ̀ àmì: tí ẹ bá ń lo Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ìkàwé fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gù, ẹ kọ àkọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré sí àyè 245, ìyẹn àyè àkọlé, kí ẹ kọ èyí tí kò lámì sí àyè 246, tó wà fún ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà kọ àkọlé (èyí kì í ṣe nọ́ńbà Dewey o). Ẹ má ṣe pa èyí tí kò lámì rẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù. Níbi kókó ọ̀rọ̀, ẹ kọ "Ògún (òrìṣà)". Ìyẹn ni yóò yà á kúrò lára ogun àti ogún.

Aka Fáìlì:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Mo máa ń kàwé ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú àwọn fáìlì ìjọba amúnisìn, bí Oyo Prof (ti ẹkùn Ọ̀yọ́) àti Iba Div (ti ẹ̀ka Ìbàdàn), ẹ óò rí i pé "juju" ni òyìnbó máa ń kọ síbi tí àwa ì bá ti kọ Ifá tàbí òrìṣà. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní orúkọ níbẹ̀, "ìyàwó lágbájá" ni. Ohun tí àwọn tó ń ṣèwádìí ń jiyàn lé lórí nìyẹn báyìí: ṣé ká pa orúkọ burúkú rẹ́ ni, àbí ká fi èyí tó tọ́ kún un? Èrò tèmi ni pé ká fi kún un. Tí a bá pa á rẹ́, ẹ̀rí ojú tí wọ́n fi wò wá ti lọ nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Àdó:

Ìyá, ẹnìkan ti ṣe é ṣáájú yín. Dorothy Porter, obìnrin adúláwọ̀ tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àkójọ ìwé adúláwọ̀ ní ilé ìkàwé Yunifásítì Howard ní Washington ní 1930, rí i pé ewì lásán tí adúláwọ̀ bá kọ, 325 ni wọ́n ń jù ú sí, nọ́ńbà ìmúnisìn, tàbí 326, nọ́ńbà oko ẹrú. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó to ewì sí ibi ewì, orin sí ibi orin. Ó tiẹ̀ wá sí Èkó láàárín 1962 sí 1964, ó bá wọn dámọ̀ràn lórí National Library. Dewey ńkọ́? Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àmì ẹ̀yẹ wọn nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti bí ó ṣe ń fọwọ́ pa obìnrin lára.

Ìyá Ìwé Bẹẹrẹ:

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo gbé e sókè lánàá, ìwé mọ́kànlélógún, ó ti bá àyà mi dọ́gba. Nọ́ńbà ṣì wà bó ṣe wà, n óò bá ìgbìmọ̀ wa sọ̀rọ̀ kí n tó fi lẹ́tà kan án.

Aka Fáìlì, mo gbọ́ tiyín, fáìlì àtijọ́ jẹ́ ẹ̀rí lóòótọ́. Àmọ́ n kò ní kọ "juju" sínú kátálọ́ọ̀gù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ń kà.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, ìwé aláwòrán àwọn ọmọdé ni mo tò síbẹ̀, torí ọwọ́ wọn tó o. Àmọ́ mo kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé pẹpẹ náà sókè nítorí omi. Bàbá ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.