Ìdáhùn: "Ògbólógbòó òrìṣàdẹ" kẹ̀?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Ẹ̀gbọ́n wa kan fi àwòrán ère idẹ Shiva Nataraja (Shiva, òrìṣà àwọn Híńdù, níbi tó ti ń jó) ti Tamil Nadu, ní Íńdíà, ránṣẹ́ lánàá, wọ́n ní ká máa pe irú rẹ̀ ní "ògbólógbòó òrìṣàdẹ". Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Ta ló ń jẹ́ ògbólógbòó nílé yín bí kò ṣe olè? "Àtijọ́" wà ńlẹ̀, "ìṣẹ̀ǹbáyé" wà ńlẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tó jí Nataraja tẹ́ńpìlì Sripuranthan gbé lẹ ń bá wí, èyí tí ilé ọnà ìjọba ní Canberra rà ní 2008 tí wọ́n sì dá padà fún Íńdíà ní 2014, àwọn yẹn ló ni orúkọ náà.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní "òrìṣà" àti "idẹ" lẹ pa pọ̀, bí "ojú" àti "ilé" ṣe di "ojúlé". Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ ka "òrìṣàdẹ" sókè: kí ni òrìṣà ń dẹ? Ìgbẹ́ ni àbí pàkúté?

Ẹni tó dáhùn pé ká pè é ní "ère bàbà" sàn díẹ̀, bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ wọn ò fi àmì sí i, mo sì kà á sí "ère bàbá". Bàbà tí a bá ti pò mọ́ irin mìíràn, idẹ ni.

"Òrìṣà" yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ìda ni wọ́n fi ń mọ ère yìí, wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ́ ìda dànù, wọn a da idẹ sí àyè rẹ̀, bí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ti ṣe. Tó bá jáde, ère ṣì ni. Ó dìgbà tí àwọn àlùfáà bá là á lójú, tí wọ́n pe èémí sí i, kí òrìṣà tó wọ̀ ọ́. Ẹ wo ọwọ́ Shiva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ọ̀kan mú ìlù tó fi dá ayé, ọ̀kan mú iná tó máa fi pa á rẹ́, ọ̀kan ń wí pé má bẹ̀rù, ọ̀kan ń nàka sí ẹsẹ̀ tó gbé sókè. Aràrá tó tẹ̀ mọ́lẹ̀, àìmọ̀kan ni. (N ò bá ẹnikẹ́ni wí o.)

Olọ́ṣun ni ìyá ìyá mi. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀gbà idẹ wọn títí á fi máa kọ mànà. N ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí kí wọ́n pe ẹ̀gbà ní Ọ̀ṣun. Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ fi ṣe olùkọ́ ò lè ju ìmọ̀ màmá yẹn lọ.

"Ère idẹ Shiva" ti tó. Ẹni tó ṣì fẹ́ jà sí "òòṣà" àti "òrìṣà", kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn.