Agbáwèrèmẹ́sìn tí à ń sọ yìí, ta gan-an ni, kí ló sì bí i?

Arìnnàkore77:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò sì tíì parí ẹ̀ dòní. Ẹnì kan ní Mùsùlùmí tó bá ti ń tẹ̀ lé Kùránì láìyẹsẹ̀, agbáwèrèmẹ́sìn ni. Èkejì ní irọ́ ni, ebi ló ń lé àwọn ọ̀dọ́ débẹ̀, pé bí iṣẹ́ bá wà, ta ni yóò gbé ìbọn? Èmi ò mọ èwo ni kí n gbè lẹ́yìn. Ẹni tó le jù lórí ẹ̀sìn nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, kò pa eṣinṣin rí. Osama bin Laden ẹ̀wẹ̀, ọmọ olówó ni, bàbá rẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ ilé kíkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọba Saudí. Kí wá ni nǹkan tí Òyìnbó ń pè ní fundamentalism yìí? Ṣé ó ti wà láti ayébáyé ni, àbí tuntun ni?

Sọ̀ótọ́:

Kí la tún ń tú wò? Inú ìwé wọn ló wà. Ẹ ka Súrà kẹsàn-án, níbi tí ọ̀rọ̀ ogun wà. Ó parí.

Ìyá Kéwú:

Sọ̀ótọ́, Súrà yẹn ti lé ní 1,200 ọdún nílẹ̀ kí wọ́n tó dá Ikhwán, ẹgbẹ́ Muslim Brotherhood, sílẹ̀ ní Íjíbítì ní 1928. Kí ni àwọn tó ń kà á ṣáájú ìgbà yẹn ń fi í ṣe? Mo mọ̀ pé wàá dárúkọ àwọn Kàwáríjì, ẹgbẹ́ àtijọ́ tó ya kúrò lára àwọn Mùsùlùmí yòókù. Òótọ́ ni, wọ́n wà, àwọn ló pa Sàyídínà Alíyù, Kálífà kẹrin, ní Kúfà ní Ìráàkì ní 661. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn ló kọ̀ wọ́n.

Arìnnàkore, ọmọ mi, fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Káírò ni mo ti kọ́ èdè Lárúbáwá, láti 1990 sí 1994.

Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti Mùsùlùmí. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Amẹ́ríkà ló ni ín. Láàárín 1910 sí 1915, olówó epo rọ̀bì kan ní California náwó sórí ìwé méjìlá tí wọ́n pè ní The Fundamentals, wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn pásítọ̀, kí wọ́n fi tako àwọn tó ń sọ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú Bíbélì ló ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìgbà tí nǹkan dàrú ní Ìráànì ní 1979 ni àwọn oníròyìn wá gbé orúkọ náà bọ Mùsùlùmí lọ́rùn dáadáa. Àwọn Lárúbáwá náà túmọ̀ rẹ̀ sí "uṣūliyya". Èyí máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, torí pé uṣūl jẹ́ iṣẹ́ tí à ń kọ́ ní kíláàsì: bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fa òfin yọ látinú Kùránì àti Hádíìsì. Olùkọ́ wa kan máa ń ní tó bá jẹ́ uṣūl ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ọlọ́pàá yáa wá kó gbogbo kíláàsì.

Agbáwèrèmẹ́sìn tí àwa náà ń pè wọ́n, ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ó ń dí wa lójú. Ẹni tó le lórí ìjọsìn wà lọ́tọ̀, ẹni tó fẹ́ kí ìjọba máa fi Sharíà ṣèlú wà lọ́tọ̀, ẹni tó gbé bọ́ǹbù tún wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú. Àti pé wèrè kì í dá ilé ìwòsàn sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Ní ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ọ̀wàrà 1992, aago mẹ́ta ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ilẹ̀ mì ní Káírò. Àjà kẹrin ni mo wà. Mi ò mọ bí mo ṣe délẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ mi. Ó lé ní 500 èèyàn tó kú. Àwọn tó kọ́kọ́ dé àdúgbò wa lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe ìjọba. Àwọn dókítà àti ẹnjiníà ni, torí pé Ikhwán ló ti gba ẹgbẹ́ àwọn dókítà àti ti àwọn ẹnjiníà nígbà yẹn. Wọ́n gbé àgọ́ wá, wọ́n gbé oògùn wá. Ọmọkùnrin kan tó ń gbé ilé kejì sí wa, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì, kó búláńkẹ́ẹ̀tì ka orí, ó ń pín in. Kò béèrè bóyá mo máa ń kírun. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba ṣòfin láti fi dí wọn lọ́wọ́. Lójú ẹni tó sun ìta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta lo rò pé ó jẹ́ ìjọba?

Ní ìlú kan náà, ọdún kan náà, oṣù mẹ́rin péré ṣáájú, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti yìnbọn pa òǹkọ̀wé Farag Foda níta ọ́fíìsì rẹ̀, torí pé ó ní kí ẹ̀sìn àti ìjọba máa lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ka ìròyìn ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó jókòó tì mí ní ó tọ́ sí i. Obìnrin tó wà níwájú wa bú sẹ́kún.

Níbo ló ti wá? Ní 1924, Mustafa Kemal fagi lé ipò Kálífà ní Tọ́kì. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni mọ́ tí Mùsùlùmí lè tọ́ka sí, kódà bó jẹ́ orúkọ lásán, pé òun ni olórí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Hassan al-Banna, tíṣà iléèwé, dá Ikhwán sílẹ̀ ní Ismailia, ìlú ilé-iṣẹ́ tó ni odò Suez, níbi tí àwọn Òyìnbó ń gbé ilé ọlọ́gbà, tí lébìrà Íjíbítì ń gbé inú ahéré. Nasser, olórí Íjíbítì, wá lé Gẹ̀ẹ́sì lọ, gbogbo ayé ń yìn ín, ó kó Ikhwán sẹ́wọ̀n, wọ́n ń lù wọ́n níbẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni Sayyid Qutb, òǹkọ̀wé Ikhwán, ti kọ èyí tó le jù nínú ìwé rẹ̀, tó ní gbogbo ayé, tó fi mọ́ ìlú Mùsùlùmí, ti padà sí jáhílíyà, ìyẹn ìgbà àìmọ̀kan kí Ìsìláàmù tó dé. Wọ́n yẹgi fún un ní 1966. Ọdún kejì, Ísírẹ́lì na Nasser láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Àwọn tó ti gbára lé ìṣọ̀kan Lárúbáwá di aláìníbi ìdìmú. "Ìsìláàmù ni ojútùú" ni wọ́n wá kọ sára ògiri.

Dókítà_Àpérò:

Ẹ ṣeun, Alhaja. Ṣùgbọ́n ẹ ti fo Saudí, ẹ sì fo Afgánísítàànì. Saudí ò tòṣì, kò sẹ́ni tó kó o lẹ́rú. Ibo ni ìyà tiwọn wà?

Sọ̀ótọ́:

Ẹ bá mi bi í. Ṣé ẹ̀sìn ò jẹ̀bi rárá ni?

Ìyá Kéwú:

Mo fò ó torí pé ọwọ́ ń ro mí. Dókítà, òótọ́ lẹ sọ, kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ti Saudí ti pẹ́. Ní 1744, Muhammad ibn Abd al-Wahhab tó jẹ́ oníwàásù àti Muhammad ibn Saud tó jẹ́ olórí ìlú mulẹ̀ ní Diriyah: oníwàásù ní, ìwọ mú idà, èmi mú ìwé. Inú aginjù ni ìwàásù yẹn ì bá wà títí. Owó epo ló gbé e jáde. Lẹ́yìn tí owó epo fò sókè ní 1973, mọ́sálásí, ìwé ọ̀fẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń ti Saudí dé ibi gbogbo.

1979 ló wá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Oṣù Èrèlé, Khomeini, àlùfáà Ṣíà, padà sí Ìráànì. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn pé àlùfáà ni kó máa ṣe olórí ìlú, àwọn àgbà Ṣíà púpọ̀ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé tuntun ni, Arìnnàkore, aṣọ àgbà ló wọ̀. Oṣù Bélú, Juhayman al-Otaybi àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé ìbọn wọ Mọ́sálásí Mẹ́kà, wọ́n gba ibẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọba Saudí gan-an ni wọ́n ń bá jà, pé kò le tó! Oṣù Ọ̀pẹ, Sófíẹ̀tì kó ọmọ ogun wọ Afgánísítàànì, Amẹ́ríkà àti Saudí sì ń ti Pakísítàànì kó ìbọn àti owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá wọn jà. Nígbà tí ogun náà tán, ìbọn ò tán.

Ti ebi, mi ò fara mọ́ ọn. Ayman al-Zawahiri tó jẹ́ igbákejì bin Laden, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni. Mohamed Atta tó fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu New York, ètò ìlú ló kọ́ ní yunifásítì kan ní Jámánì. Àwọn tí wọ́n kàwé, tí wọ́n retí pé ayé máa bá wọn ṣe bí èèyàn, tí ilẹ̀kùn wá gbá mọ́ wọn lójú, àwọn ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ wo Àlùjíríà: oṣù Ọ̀pẹ 1991, FIS, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó fẹ́ Sharíà, wọlé nínú ìpele àkọ́kọ́ ìdìbò. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ológun fagi lé e. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ló kú lẹ́yìn náà. Ọmọ Àlùjíríà kan wà nínú kíláàsì wa. Ní ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, ohun tó sọ ni pé, "Wọ́n ní ká dìbò, a dìbò."

Sọ̀ótọ́, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Àwa Mùsùlùmí tó ń sọ pé "wọn kì í ṣe Mùsùlùmí" tí a sì ń bá tiwa lọ, a ń sá fún iṣẹ́ ni. Qutb túmọ̀ Kùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, púrúǹtù kọ́. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ ìwé pélébé tí àwọn tó pa Sadat ní 1981 dì mú, fàtúwà tí Ibn Taymiyya, onímọ̀ àtijọ́ kan, ṣe nípa àwọn Mọ́ńgólì ló fà yọ, ó fi bọ Ààrẹ Íjíbítì lọ́rùn. Kò jókòó níwájú olùkọ́ fún ogún ọdún bí àwọn àlùfáà àtijọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ló rà, ó dá a kà. Àwọn Súfí ní ẹni tí kò ní olùkọ́, èṣù ni olùkọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tó lé ní 120 kọ lẹ́tà sí al-Baghdadi, olórí ISIS, ní 2014, bú ni wọn ò bú u, ẹsẹ Kùránì àti Hádíìsì ni wọ́n fi dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Arìnnàkore77:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá. Ọmọkùnrin oníbúláńkẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?

Ìyá Kéwú:

Mo rí i lórí Facebook ní 2015. Kùwéètì ló wà, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. A sọ̀rọ̀ nípa ọmọ, nípa orúnkún tó ń dun àwa méjèèjì. Mo bi í nípa Morsi, Ààrẹ Íjíbítì tó jẹ́ ọmọ Ikhwán, tí ológun lé kúrò lórí oyè, àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n pa ní Rabaa ní Káírò ní 2013. Ó dákẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó fèsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí nírú ìyẹn lórí fóònù."