Ìmọ̀ràn kíákíá: ọkọ̀ tuntun 120 láti ilé iṣẹ́, rélùwéè ni àbí tírélà?

Akọ̀wéẸrù: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ tuntun 120 fẹ́ẹ́ jáde nílé iṣẹ́, ọ̀gá wa sì ń retí èsì lọ́wọ́ mi kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Ṣé rélùwéè ni ká fi kó wọn ni àbí tírélà? Èwo ló dáa jù?

Ọmọ_Ojú_Irin: Ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè yín ò tíì pé. Kìlómítà mélòó ni? Ṣé ojú irin wọ inú ilé iṣẹ́ yẹn? Ibi mélòó ni wọ́n ti máa já wọn sílẹ̀? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré, wágọ̀nù alájà mẹ́ta ń gba 15, wágọ̀nù 8 ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ jíìpù tàbí píkọ́ọ̀pù, orí wọn ò ní wọ àjà mẹ́ta. Alájà méjì lẹ máa lò, 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wágọ̀nù 12 nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń lo alájà mẹ́ta dáadáa ni Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, afárá àti ihò abẹ́ òkè wọn ò ga tó bẹ́ẹ̀, àjà méjì ni wọ́n mọ.

BàbáTírélà: Tírélà ni o. Rélùwéè kì í dé ẹnu ọ̀nà díílà. Ẹ ka iye ìgbà tí ènìyàn máa wọnú ọkọ̀ kan: pẹ̀lú tírélà, wọ́n á wà á gòkè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wà á sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Pẹ̀lú rélùwéè, wọ́n á wà á wọ wágọ̀nù, wọ́n á wà á jáde sí yáàdì, wọ́n á wà á gun tírélà, wọ́n á tún wà á sọ̀. Ìgbà mẹ́rin. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ń gbá òpó, tí ìdè bẹ́líìtì awakọ̀ ti ń họ ọ̀dà, inú ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yẹn náà ni.

Ọmọ_Ojú_Irin: Bàbá, òótọ́ ni ti ìgbà mẹ́rin. Àmọ́ ọkọ̀ 8 lórí tírélà kan, tírélà 15 nìyẹn. Ta ló ní tírélà 15 tó ṣófo lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú awakọ̀ 15 tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀? Lójú tèmi, tí ọ̀nà ò bá tó kìlómítà 400, kí wọ́n má wulẹ̀ ro rélùwéè. Tó bá ti kọjá 800, irin ló sábà máa ń dínwó lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àárín méjèèjì, ìṣirò ni. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Amẹ́ríkà sọ pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ ló ń gun irin.

Aláyẹ̀wòỌ̀dà: Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí rélùwéè, ẹ gbọ́ eléyìí. Wágọ̀nù mẹ́ta dé sí yáàdì wa, ọkọ̀ 45. Ọjọ́ 11 ni wọ́n ti fi dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin torí pé kò sí ẹ̀rọ tó máa fà wọ́n. Òjò rọ̀ sí i. Ọkọ̀ 31 ló ní àmì pupa wínníwínní lórí òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù. Àwọn funfun ló burú jù. Eruku irin ni: táyà irin àti bíréèkì rélùwéè ń gé irin wẹ́wẹ́, ó ń bà lé ọ̀dà, tí omi bá kàn án á dógùn-ún, á sì jẹ wọlé. Ilé iṣẹ́ tó kó wọn ní àwọn ò mọ̀ nǹkan kan, torí pé akọ̀wé wa ti fọwọ́ sí wébìlì, ìwé ẹrù, pé gbogbo rẹ̀ wà pérépéré.

Ṣọlá_Yáàdì: Háà! Ọkọ̀ 31! Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fi bọ́ ọ?

Aláyẹ̀wòỌ̀dà: Ẹ má fi yanrìn bọ́ ọ rárá. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ ná, kẹ́ ẹ wá fọ́n oògùn tó ń yọ irin sí i nínú òjìji. Á di àwọ̀ àlùkò níbi tí irin bá wà. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Ẹ ṣan án dànù, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ rírọ̀ ìfọ̀dà pẹ̀lú omi ọṣẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti jẹ wọnú ọ̀dà, ọ̀dà tuntun ló kù fún un.

BàbáTírélà: Mo ti wí!

Ọmọ_Ojú_Irin: Wágọ̀nù ṣíṣí ni wọ́n fi kó o, àbí eléyìí tí pákó irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti já. Èyí tó bò látòkè délẹ̀ kì í jẹ́ kí eruku pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkúta tí wọ́n ń jù kì í sì í bà á.

Aláyẹ̀wòỌ̀dà: Ó bò, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kò padé.

OníỌ̀dà_Gidi: Ẹ má yára pè é ní eruku irin o. Tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ lọ irin tàbí tí wọ́n ń jó irin nítòsí yáàdì ilé iṣẹ́, bákan náà ló ń rí. Àlùkò tí oògùn yẹn ń dì kàn ń sọ pé irin ni, kò sọ ibi tó ti wá. Ẹ wo ọkọ̀ tó kù sí yáàdì tí kò gun rélùwéè rárá, kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí i. Bí òun náà bá di àlùkò, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Aláyẹ̀wòỌ̀dà: Ti yáàdì mọ́ tónítóní. A yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá_Yáàdì: Mi ò mọ ti rélùwéè tàbí tírélà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá dúró gbọ́dọ̀ wà lórí ètò ìrìnnà tí ilé iṣẹ́ fi í sí, èyí tó ń dín iná tó ń jẹ kù, kí bátìrì 12V má baà kú. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tó bá ti sọ̀ sábẹ́ 12.4, ẹ fi iná sí i. Afẹ́fẹ́ táyà ń ga nígbà tó bá ń bọ̀ láti ilé iṣẹ́, kí táyà má baà ní ojú pẹrẹsẹ. Díílà gbọ́dọ̀ rántí yọ ọ́ kí ẹni tó rà á tó wà á lọ.

Àjíṣe: Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́?

Akọ̀wéẸrù: Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kò sí omi lójú ọ̀nà náà. Kìlómítà 1,100 ni, ibi márùn-ún la ti máa já wọn. Irin ò wọ ilé iṣẹ́, ibùdó tó sún mọ́ ọn jù jìnnà tó kìlómítà 35. Ọkọ̀ oníbátìrì, tó ń fi iná rìn dípò epo, ni 50 nínú wọn, 2,300 kílò níkọ̀ọ̀kan.

BàbáTírélà: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn! Ẹ má ka 8 fún oníbátìrì o. Ní Amẹ́ríkà, ẹrù àti tírélà lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá bíi tọ́ọ̀nù 36. Tírélà tó ṣófo, ká ní tọ́ọ̀nù 19, ó ku 17. Ọkọ̀ 7 jẹ́ tọ́ọ̀nù 16.1, ìkẹjọ á mú un kọjá. Níbi tí òfin bá fàyè gba 40, ẹ lè rí 8 tàbí 9, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n lórí áàsì (ọ̀pá tó so táyà pọ̀) kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àpapọ̀ nìkan. 7 ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìṣirò: tírélà 8 fún oníbátìrì, 9 fún 70 tó kù, 17 nìyẹn. Kí wọ́n fi bẹ́líìtì de táyà, kì í ṣe ara ọkọ̀. Kí awakọ̀ dúró láàárín kìlómítà 80 àkọ́kọ́ láti fà á le, torí pé táyà máa ń jókòó wọlé, bẹ́líìtì á sì dẹ̀.

Ọmọ_Ojú_Irin: Pẹ̀lú 1,100, irin ni mo ṣì máa mú fún 70 yẹn. Kìlómítà 35 tí tírélà máa kọ́kọ́ rìn sọ ìgbà mẹ́rin Bàbá di mẹ́fà lóòótọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n tírélà kan lè lọ bọ̀ nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ lórí 35. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí wọ́n má ti wágọ̀nù sọ̀ láti orí òkìtì nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, kí eré wágọ̀nù má sì kọjá kìlómítà 6 ní wákàtí kan tí wọ́n bá ń so wọ́n mọ́ra. Ìgbátí yẹn ló ń mú kí ọkọ̀ fo wẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi há táyà, kí bọ́ńpà gbá bọ́ńpà.

Ìyá_Adójútòfò: Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má fọwọ́ sí wébìlì lásán bíi ti akọ̀wé Aláyẹ̀wò. Níbi tí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ ka nọ́ńbà férémù, ẹ yíká rẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tó ti họ, irú ìhọ wo ni, àti bó ṣe gùn tó. Bó bá jẹ́ òru ló dé, ẹ kọ ọ́ gedegbe sórí wébìlì pé a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ má gbà á.

Ṣọlá_Yáàdì: Ẹ̀gbọ́n Aláyẹ̀wò, ọkọ̀ 31 yẹn, ṣé wọ́n san án padà?

Aláyẹ̀wòỌ̀dà: Wọn ò san kọ́bọ̀.

Akọ̀wéẸrù: Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi gbogbo rẹ̀ han ọ̀gá, ibi tí Aláyẹ̀wò sọ ọjọ́ 11 ni wọ́n ti dúró, wọn ò ka ìyókù. Tírélà ni fún gbogbo 120. A ti rí 9 lọ́sẹ̀ yìí, 8 á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ 7 sílẹ̀ fún oníbátìrì, ti Ìyá Adójútòfò nípa òru náà ti wọnú àdéhùn.

Ọmọ_Ojú_Irin: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbátìrì ni kẹ́ ẹ fi tírélà àkọ́kọ́ kó, kí wọ́n má dúró dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní yáàdì. Tírélà 8 ló tó wọn nínú 9 yẹn, ìkẹsàn-án á kó 8 nínú àwọn yòókù.