Ìtàn ìrírí: Fótò onífíìmù nínú omi tútù, níbi tí àwọn ọkọ̀ rì sí

Láti Aberdeen

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ní kí kálukú wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lábẹ́ omi. Tèmi rèé. Mo ní ìbéèrè kan nísàlẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí.

Iṣẹ́ epo ló gbé mi dé Aberdeen. Scapa Flow ni mo máa ń lọ wẹ̀, omi òkun kan láàárín àwọn erékùṣù Orkney, lókè ní Scotland. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọkọ̀ ogun Jámánì 74 sí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1919, ọ̀gá wọn, Ludwig von Reuter, pàṣẹ pé kí àwọn atukọ̀ ṣí ọ̀nà fún omi, kí àwọn ọkọ̀ náà rì dípò kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. 52 ló rì. Wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ jáde, wọ́n tú wọn tà bí irin àlòkù, àmọ́ ńlá méje ṣì kù nísàlẹ̀. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú nǹkan kan níbẹ̀: wò ó kí o sì máa lọ. (Royal Oak, ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn tí Jámánì rì ní 1939, tó pa èèyàn tó lé ní 800, wà nítòsí ibẹ̀. A kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ibojì ni.)

Cöln ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèje. Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 150, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn sílẹ̀ níbi tó jìn tó nǹkan bíi mítà 35. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé kámẹ́rà lọ, mo ya gbogbo àwòrán 36 tí fíìmù náà gbà, irin nìkan. Mo dé ilé, mo fọ fíìmù náà, mo fi han ìyàwó mi. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé àpáta ni?" Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Omi ibẹ̀ kì í sábà mọ́ kọjá mítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ya odindi ọkọ̀ níbẹ̀. Ègé kékeré lo máa rí, ègé náà ò sì ní sọ fún ẹni tó ń wò ó bóyá nǹkan náà tó ìka ọwọ́ ni tàbí ó tó ilé.

Ìgbà kejì ni mo bẹ ẹnì kejì mi nínú omi pé kó máa ṣíwájú mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìgbà náà ni ojú mi là. Bí ó ṣe dúró lẹ́bàá àwọn ọ̀pá títẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ sómi, tí orí rẹ̀ ò dé ìdajì wọn, ni àyà mi já. Èèyàn dúró sórí àwọn nǹkan yìí rí!

Kámẹ́rà tí mo ń lò ni Nikonos V, èyí tí Nikon gbé jáde ní 1984. Kò nílò àpótí, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ omi. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè wo inú lẹ́ńsì rẹ̀ mọ bóyá àwòrán mú tàbí kò mú. Ẹ máa fi ojú díwọ̀n ni, kí ẹ fi ọwọ́ yí i sí iye mítà náà. Omi sì máa ń fa nǹkan súnmọ́ni: ohun tó wà ní mítà méjì máa dà bí ẹni pé mítà kan ààbọ̀ ni. Mítà kan ààbọ̀ yẹn ni kí ẹ lò, torí bí ojú yín ṣe rí i ni lẹ́ńsì náà rí i. Mo fi fíìmù púpọ̀ ṣòfò kí n tó mọ èyí. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo ń lò, HP5, tí mo ń yà bí ẹni pé 1600 ni ìwọ̀n tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ (ISO). Àwọ̀ pupa ti parẹ́ kí èèyàn tó jìn rárá, gbogbo nǹkan á di àwọ̀ ewé. Mi ò lo fúláàṣì níbẹ̀ mọ́. Ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ inú omi máa gba ìmọ́lẹ̀ náà, á dà bí ẹni tan iná mọ́tò ńlá sínú ìkùukùu ọyẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ní ti òtútù, oṣù kẹrin ni, omi ò ju díígírì méje lọ. Aṣọ tí omi ò lè wọ̀ ni mo wọ̀, ìbọ̀wọ́ mi sì nípọn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ mi ti kú tíípẹ́, mi ò mọ̀ bóyá mo ti fa fíìmù síwájú tàbí mi ò tíì fà á. Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ: kírẹ́kẹ́.

Ìbéèrè mi rèé. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo ṣe jáde, omi ti wà nínú kámẹ́rà. Mo yẹ òrùka rọ́bà tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Fọ́nrán òwú kan ṣoṣo láti ara ìbọ̀wọ́ mi ló sùn lé e lórí nínú gírísì náà. Ó tín-ín-rín ju irun lọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi tó gbé wa ní kí n yí fíìmù náà padà sínú agolo rẹ̀, kí n jù ú sínú omi tí kò níyọ̀. Inú ìgò ló wà nínú fíríìjì mi títí di báyìí. Ṣé ó ti bàjẹ́? Kí ni kí n ṣe?

Láti Toronto

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ nípa fíìmù tó mu omi, ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn àgbà. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ nípa èèyàn inú àwòrán yẹn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lọ́dọ̀ tiwa.

Tobermory ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ní Ontario. Ọkọ̀ onígbòkun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sweepstakes, ó rì ní 1885. Kò jìn, nǹkan bíi mítà mẹ́fà péré ni, ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Igi ni wọ́n fi kàn án, síbẹ̀ pákó ara rẹ̀ ṣì wà. Omi adágún ò níyọ̀, àwọn kòkòrò tó ń lu igi nínú òkun ò lè gbé ibẹ̀, òtútù náà ò sì jẹ́ kí nǹkan tètè jẹrà. Nígbà tí ọkọ mi léfòó kọjá lórí rẹ̀, òjìji rẹ̀ bọ́ sórí àwọn pákó náà. Fótò yẹn ló wà ní pálọ̀ wa.

Wàhálà tèmi ni pé inú ọkọ̀ tí mo tan ẹ̀rọ amúgbóná sí ni mo ti ki fíìmù. Bí kámẹ́rà ṣe kan omi tútù, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ di ìrì sára lẹ́ńsì láti inú. Mi ò mọ̀ títí mo fi jáde. Fíìmù méjì ló lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni wo nǹkan láti inú ooru àmàlà. Ìta gbangba, nínú òtútù, ni mo ń ki fíìmù báyìí, ọwọ́ ìbáà máa gbọ̀n.

Láti London

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò wẹ̀ rí láyé mi. Fíìmù ni mo fọ̀, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ní Ìbàdàn kí n tó dé ibí.

Ìwọ tí o wà ní Aberdeen, fọkàn balẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ yẹn gbà ọ́ là. Ohun tó ń pa fíìmù tó mu omi ni kó gbẹ. Tó bá gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, nígbà tí o bá ń ṣí i, ara rẹ̀ á bó. Má ṣe jẹ́ kó pẹ́ sí i, fọ̀ ọ́ lónìí. Má lo róòlù oníke tí wọ́n ń ti fíìmù wọ̀ kó tó wọ ìkòkò ìfọ̀, torí fíìmù tútù máa há síbẹ̀. Èyí tó jẹ́ irin ni kó o lò. Tí o kò bá ní in, pọn omi sínú bàsíà nínú òkùnkùn, kó o sì máa wé e sórí oníke náà lábẹ́ omi. Rọra. Má fi èékánná kàn án, ara rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Fíìmù kan wọ ọ̀dọ̀ mi rí tó jábọ́ sínú ọ̀sà pẹ̀lú kámẹ́rà níbi ìsìnkú. Bí mo ṣe fọ̀ ọ́ nìyẹn. Ojú bàbá náà hàn.

Láti Aberdeen

Bàbá mi, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á tọ́jú yín fún wa. Àárọ̀ yìí ni mo parí ẹ̀. Nínú bàsíà ni mo wé e sí, nínú ilé ìwẹ̀, mo fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú.

Mọ́kàndínlógún ti lọ, àbàwọ́n ti bò wọ́n. Àwọn yòókù ṣeé wò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ rántí pé mo yà: ẹnì kejì mi ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọ̀pá yẹn, kò hàn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù, àti ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì tó mọ́ sára irin, tí àwọn nǹkan funfun bí ìka ọmọdé hù bò. Mo fi han ìyàwó mi. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó ń wọ̀n ọ́n.