Ṣé inú àpótí ni kí n ti máa bọ́ ejò mi, àbí kí n máa gbé e síta?

Morẹ́nikẹ́

Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ọkàn mi kò ti balẹ̀. Mo ní ball python kan (irú òjòlá kékeré kan), akọ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan, 480 gíráàmù ló sì wọ̀n lóṣù tó kọjá. Ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀ gidi pé n kò gbọdọ̀ bọ́ ọ nínú àpótí rẹ̀ láéláé, pé tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó bá wọ ibẹ̀ ni yóò máa pè ní eku. Torí náà, inú ike ńlá kan tó ní ìdérí ni mo máa ń gbé e sí. Tó bá ti gbé eku mì tán, màá gbé e padà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó jẹun dáadáa. Mo dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó gbé e. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, gbogbo ara rẹ̀ le, ó ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó padà sínú àpótí tó la ẹnu, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti eku náà jáde díẹ̀díẹ̀. Ìrù eku ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni itan, irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra fún itọ́. Mo sunkún. Ṣé èmi ni mo fà á? Ṣé kí n tún fún un lóúnjẹ báyìí kí ebi má pa á? Kí n sì yáa máa bọ́ ọ nínú àpótí ni àbí kí n má ṣe bẹ́ẹ̀?

Akin

Pẹ̀lẹ́ o. Ìta lèmi ti ń bọ́ tèmi, corn snake ni, ó ti tó ọdún mẹ́fà, kò sì bì rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú àpótí ni èèpo igi wẹ́wẹ́ tí mo tẹ́ sílẹ̀, n kò fẹ́ kó gbé e mì mọ́ oúnjẹ. Àmọ́ mo máa ń fi í sílẹ̀ nínú garawa fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti yá jù lójú tèmi.

Ìyá Àrẹ̀mọ

Morẹ́nikẹ́, pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń sin ejò. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ìta ni mo ti ń bọ́ wọn, torí ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ yẹn náà ni wọ́n ṣe fún mi. Jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n jáwọ́.

Mo ní kingsnake kan nígbà náà. Mo bọ́ ọ nínú garawa, ó jẹ èkúté kéékèèké méjì, mo ní ó ti yó. Mo na ọwọ́ láti gbé e padà sílé. Kò halẹ̀, kò ká ara rẹ̀ jọ. Ó kàn yí orí wẹ́rẹ́, ó gbá àtàǹpàkò mi mú, ó sì ń fi párì rẹ̀ rìn lórí ọwọ́ mi, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, bí ìgbà tó fẹ́ gbé oúnjẹ mì. Ehín wọn tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́, kò dunni púpọ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi. Abẹ́ omi tútù ni mo gbé ọwọ́ sí kó tó jù mí sílẹ̀. Kò bínú sí mi rárá. Òórùn eku ṣì kún inú garawa, ọwọ́ mi sì gbóná. Kí ni kí ejò rò? Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé gbígbé ejò tí oúnjẹ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ léwu ju kí n bọ́ ọ níbi tó wà lọ.

Kì í ṣe inú àpótí ló ń sọ ọwọ́ di eku. Òórùn, ìgbóná àti àṣà ni. Wo ètè òkè ejò tìrẹ, wàá rí àwọn ihò kéékèèké níbẹ̀: ìyẹn ló fi ń mọ ohun tó gbóná, kódà nínú òkùnkùn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ oúnjẹ nìkan lo ń ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ti di agogo oúnjẹ nìyẹn. Máa ṣí i láti pààrọ̀ omi, láti kó ìgbẹ́ rẹ̀, láti gbé e lásán. Kí o tó gbé e, fi ìkọ́ tàbí páálí róbótó tọ́ ọ lára pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yóò mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé. Tèmi ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó mọ̀ ọ́n. Kí o sì fọ ọwọ́ tí o bá ti kan eku.

Èébì yẹn ńkọ́? N kò ní tàn ọ́, gbígbé tí o gbé e lè wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbóná ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ooru ni ejò fi ń da oúnjẹ. Ibi tó gbóná gbọ́dọ̀ wà láàárín 31 sí 33°C. Ilẹ̀ ibi tó ń sùn sí gan-an ni kí o ti wọ̀n ọ́n, má wọ̀n ọ́n lára ògiri. Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé eku yẹn kò tóbi jù? Kò yẹ kó fẹ̀ ju ibi tí ara ejò ti nípọn jù lọ.

Jọ̀ọ́, má fún un lóúnjẹ báyìí. Ásíìdì inú ti bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko, omi nìkan. Lẹ́yìn náà, eku tó kéré tó ìdajì èyí tó máa ń jẹ, nínú àpótí, kí o má sì fọwọ́ kàn án fún wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Tó bá tún bì, dókítà ẹranko ló kàn.

Akin, n kò ní kí o yí tìrẹ padà. Corn snake kì í sábà ka nǹkan sí, ball python ni ìbẹ̀rù máa ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èèpo igi kan tàbí méjì yóò bá ìgbẹ́ jáde. Èyí tó gùn, tó mú, ni mo ń bẹ̀rù, torí ó lè ha sí i lẹ́nu. Fi ẹ̀mú gígùn di eku náà mú lókè títí yóò fi wé mọ́ ọn, tàbí kí o tẹ́ àwo pẹlẹbẹ sílẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń ní dandan ni kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni tí ejò méjì bá ń gbé inú àpótí kan. Wọ́n á jọ dì mọ́ eku kan, èyí tó tóbi á sì fẹ́ gbé èkejì mì tẹ̀lé e. Kingsnake ní tiẹ̀ kò tilẹ̀ nílò eku láàárín, ejò wà lára oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó. Má fi í pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Morẹ́nikẹ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Ohun ìwọ̀n ooru tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri òkè ń pe 31. Mo gbé òmíràn sílẹ̀ níbi tó ń sùn, ó pe 27! Wáyà thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru, ló ti yọ kúrò níbi tí mo dè é mọ́. Eku ọjọ́ yẹn náà sì fẹ̀ ju ikùn rẹ̀ lọ, mo rò pé mo ń kẹ́ ẹ ni.

Ìyá Àrẹ̀mọ

27 kò lè da irú eku bẹ́ẹ̀. De wáyà náà dáadáa, kí o máa wò ó láràárọ̀. Bó o bá tilẹ̀ gbé e tàbí o kò gbé e, ó ṣeé ṣe kó bì í.

Morẹ́nikẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo ní kí n wá jábọ̀. Ilẹ̀ ti ń pe 32. Mo dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá náà, mo tún fi méjì kún un torí ojú rẹ̀ ń funfun bíi wàrà, ó fẹ́ bọ́ awọ. Lánàá, mo yọ èkúté kékeré kan nínú fìrísà sí fíríìjì mọ́jú, mo dì í sínú ọ̀rá, mo rì í sínú omi tó gbóná díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo pa iná yàrá. Mo fi ẹ̀mú dì í mú sí ẹnu ihò rẹ̀.

Fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà imú rẹ̀ yọ, ahọ́n ń wọlé ó ń jáde, ó kọ́kọ́ lọ́ra, ó wá ń yára. Ọrùn rẹ̀ ká bí lẹ́tà S. Mi ò tilẹ̀ rí ìgbà tó fò mọ́ ọn, ẹ̀mú ló kàn mì lọ́wọ́ mi, ó ti wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jáde kúrò nínú yàrá. Láàárọ̀ yìí ó wà níbi tó gbóná, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀ láàárín. N kò tíì fọwọ́ kàn án.